Ẹ̀yin Onídákírúùmù Tòkunbọ̀, Ẹ Kú Ìnáwó

Ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀yin ọmọ Èkó tí fóònù ọwọ́ yín lè ya ẹsẹ̀ ẹ̀fọn lóru, tí ẹ tún wá ń wá ẹ̀rọ tí bàbá bàbá yín fi ń tẹ fọ́tò kiri ọjà. Ẹ kú ìrìn ọjà Àlàbá, ẹ kú ẹrù rírù, ẹ kú ará ríro. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni o. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bà kó bá wa rẹ́rìn-ín, kó tó lọ nu eruku orí ẹrù rẹ̀.

Mo mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà ló kọ́kọ́ wọlé, Pentax K1000 kan tí àǹtí kan kó pọ̀ mọ́ bàtà àti aṣọ òtútù nígbà tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀. Ẹ gbé e kọ́rùn lọ sí Freedom Park, ẹ gbé e kọ́rùn lọ sí òde ìyàwó tí ẹnikẹ́ni ò pè yín sí. Fíìmù kan, fọ́tò 36: àwọn kan jẹ́ àtàǹpàkò, àwọn kan dúdú kirikiri, ìyókù ni ẹ pè ní iṣẹ́ ọnà. A ò bá yín jà. Àmọ́ kò pẹ́ tí ẹ fi ní kí ẹlòmíràn máa bá èèyàn fọ fíìmù kò bójú mu, pé ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé. Ẹ ní ẹ fẹ́ ní dákírúùmù, yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fíìmù, tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò.

Dákírúùmù, ní Èkó! Nínú gbogbo ohun tí irú yàrá bẹ́ẹ̀ ń bèèrè, òkùnkùn nìkan la ní lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn oníná a máa gbé e wá bá wa nílé láìjẹ́ pé a ránṣẹ́ pè é. Àmọ́ ẹ̀nlájà kì í fi òkùnkùn nìkan ṣiṣẹ́. Inú yàrá gbọ́dọ̀ ṣú, orí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sì mọ̀ pé ní ilẹ̀ yìí, wọn kì í fún èèyàn ní méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún ẹni tí kò bá mọ ohun tí à ń pè ní ẹ̀nlájà: pákó pẹlẹbẹ ló jókòó lé, irin gíga kan dúró lórí pákó náà, orí kan sì so mọ́ irin, ó rí bí ìkòkò tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé. Gílóòbù wà nínú orí yẹn, négátífì wà lábẹ́ gílóòbù, lẹ́ǹsì wà lábẹ́ négátífì. Ìmọ́lẹ̀ a la gbogbo wọn kọjá, a balẹ̀ sórí pépà. Bí o bá ṣe ń gbé orí náà gòkè lára irin ni fọ́tò ń tóbi sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí i rí kò lè mọ̀ ọ́n, onítòkunbọ̀ ò sì rí i rí.

Mo bá àbúrò mi kan lọ sí Àlàbá lọ́jọ́ kan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já ẹrù láti inú kọ̀ǹténà ni: fíríìjì, àga ọ́fíìsì, kẹ̀kẹ́ ọmọdé, àpò aṣọ. Láàárín wọn la ti rí ẹ̀nlájà kan, Durst, tó dùbúlẹ̀ sórí mátírẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n fi wáyà ara rẹ̀ so ó lọ́rùn.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí?” Àbúrò mi ń wo òkè, ó ń ṣe bí ẹni pé fíríìjì ló wù ú.

“Máíkírósíkóòpù ni. Ti dókítà.”

Ẹnì kejì rẹ̀ tó jókòó sórí táyà ní irọ́ ni, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo egungun ni. Ẹnì kẹta, tó dà bíi pé òun ni ọ̀gá wọn, ní kí wọ́n yéé tàbùkù ẹrù, pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe owó ni ní òkè òkun, ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́pọ̀.

Ẹ wo ọgbọ́n àrékérekè tí àbúrò mi mú wá láti ilé: ó ní òun fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí pálọ̀ ni, òun fẹ́ tú inú rẹ̀ dànù, kí òun so iná àjà mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n pe iye kan tí kò burú, ó já a, wọ́n tún já a. Owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kó gbé e ni ojú rẹ̀ ṣe kòńgẹ́ orúkọ tó wà lára lẹ́ǹsì. “Yéè! EL-Nikkor!”

Igbe yẹn ló gbé owó lé e lórí. Ọ̀gá onítòkunbọ̀ gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó fi etí aṣọ nù ún, ó gbé e padà sórí mátírẹ́ẹ̀sì. Ó ní, “Ẹ ò rí i pé ẹ mọ̀ ọ́n!” Láti ìgbà náà, iye tí wọ́n ń pè kò bá ti àkọ́kọ́ tan mọ́. Àbúrò mi san án. Mo ṣe bí ẹni tí kò bá a wá.

Ẹ ṣì ń rò pé ó ti ra ẹ̀nlájà. Kò tíì ra nǹkan kan. Ẹ̀nlájà tó pé kò sí nínú tòkunbọ̀, ì báà jẹ́ ti Àlàbá, ì báà jẹ́ ti ìlú òyìnbó. Awo pẹlẹbẹ méjì kan wà tó máa ń di négátífì mú láàárín, kí ó má baà ká. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò lẹ́wà, kò jọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ ilé òkú òyìnbó mọ́, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń jù sínú irin pàǹtí. Ẹ̀rọ náà a gba orí òkun dé Apápá, awo yẹn a kù sí kọ̀rọ̀ ilé kan ní Manchester. Ìgbà yẹn ni ẹ óò mọ̀ pé Durst, tí àwọn ọmọ ìyá méjì dá sílẹ̀ ní Brixen, ní àríwá Ítálì, ní 1936, kò pe nǹkan kan ní orúkọ tí ènìyàn lè ránṣẹ́ ọmọ lọ rà. Awo négátífì kan ń jẹ́ Sivoneg. Awo tí lẹ́ǹsì ń jókòó lé ń jẹ́ Siriopla. Àbúrò mi kọ orúkọ méjèèjì sórí ìwé, ó ní kí ọmọ ilé bá òun bèèrè lọ́jà. Ilé oògùn ni ọmọ náà gbà lọ, wọ́n sì bi í bóyá fún àgbà ni àbí fún ọmọdé.

Ẹ̀yin tí ẹ ra Meopta náà, ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀rọ dáadáa ni, ìlú Přerov ni wọ́n ti ṣe é. Àmọ́ ẹni tó tà á fún yín ní tuntun ni, kò tíì pẹ́ tó dé, ẹ sì gbà. Ẹ yí ìdí rẹ̀ padà, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni Czechoslovakia. Orílẹ̀-èdè tí kò sí mọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1993! Ẹrù tó pẹ́ ju orílẹ̀-èdè tó bí i lọ, òun ni ẹ ń gba gáráǹtì oṣù mẹ́ta lé lórí.

Ti ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi Beseler ránṣẹ́ sí láti Houston ló pa mí jù. Ẹ̀rọ ńlá, ọmọ Amẹ́ríkà pátápátá, irin rẹ̀ ga tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Owó ọkọ̀ ojú omi nìkan tó owó orí ìyàwó. Ó gbé e délé, ó pe àwọn ọ̀rẹ́, ó ra mínírà, ó ki pílọ́ọ̀gì bọ ògiri. Fóòtì 120 ni wọ́n fi tọ́ ẹ̀rọ náà dàgbà ní Amẹ́ríkà. Ohun tó bá pàdé nínú ògiri wa tó nǹkan bí ìlọ́po méjì. “Páá!” Ó ní ó ya òun lẹ́nu. Ó ya gílóòbù lẹ́nu jù ú lọ.

Gílóòbù ọ̀hún náà, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni. Kì í ṣe èyí tí a ń rà ní ojú pópó. Funfun bí wàrà ni gbogbo ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́, wọn kì í sì í kọ nǹkan kan sí orí rẹ̀, torí ohunkóhun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ lè wá hàn lórí pépà. Ọ̀gbẹ́ni kan tí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ fi gílóòbù ilé sí i, ó tẹ fọ́tò ìyàwó tuntun kan. Fọ́tò náà dára, àyàfi pé òjìji lẹ́tà kan ń rìn bàìbàì kọjá lórí gèlè. Ó ní àṣà ìgbàlódé ni. Ìyá ìyàwó ní kó dá owó padà.

Ẹ jẹ́ kí n fọ̀rọ̀ kan bọ̀ ọ́ tí kì í ṣe yẹ̀yẹ́, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n rẹ́ gbogbo yín jẹ tán. Lẹ́ǹsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ gbé e sókè kọjú sí iná, kẹ́ ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí nǹkan tó ta gbòǹgbò bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀, ebu ni, ooru ilẹ̀ wa sì ń bọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé omi gbígbóná á ṣí i. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Ẹni tó bá ń lo fíìmù 35mm, lẹ́ǹsì 50mm ló ń wá. Ẹni tó bá ń lo fíìmù onígun mẹ́rin 6×6, kó wá 80mm.   Ó tán, ẹ jẹ́ ká padà sídìí yẹ̀yẹ́.

Pépà! Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kò tíì bọ́ sọ́wọ́ onípépà? Kodak fúnra rẹ̀ ti ṣíwọ́ ṣíṣe pépà dúdú-àti-funfun ní 2005. Pépà Kodak tí wọ́n ń nà sí yín báyìí ti dàgbà tó àgùnbánirọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀, ṣùgbọ́n páálí rẹ̀ ṣì wà ní dídì, àwọ̀ rẹ̀ ṣì ń dán, ọkàn yín fà. Ẹ bi ìyá tó ń tà á pé ṣé pépà inú rẹ̀ kù dáadáa. Ìyá olóòótọ́ ni, kò fẹ́ kí ẹ rò pé òun ń purọ́. Ó fi èékánná já bébà ẹnu rẹ̀, ó fa àpò dúdú inú rẹ̀ ya, ó tú gbogbo rẹ̀ sórí àtẹ nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí yín lójú: “Oókan, eéjì, ẹẹ́ta…” Ẹ̀yin ń wò ó, ẹnu yín là sílẹ̀, ohùn ò jáde. Ó ka á dé orí ọgọ́rùn-ún. Ó pé pérépéré, kò dín ẹyọ kan. Kò sì sí ẹyọ kan tó tún wúlò nínú rẹ̀.

Àwọn bàbá wa ayàwòrán ni ẹ̀ ń lọ dà láàmú báyìí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí fọ́tò oníkọ̀ǹpútà gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Mo mọ ọ̀kan ní Ìbàdàn. Àwọn ọ̀dọ́ méjì wọlé tọ̀ ọ́, ọ̀kan fi irun ṣe dàda, èkejì wọ ṣòkòtò tó ya lórúnkún tí wọ́n yà láti ilé iṣẹ́.

“Bàbá, ẹ kú ilé, sà. A gbọ́ pé ẹ ní ẹ̀nlájà.”

“Mo ní. Ó wà lẹ́yìnkùlé. Adìyẹ ń sàba lábẹ́ rẹ̀.”

“A fẹ́ rà á, sà.”

Bàbá wo ojú wọn, ó wo fóònù tó wà lọ́wọ́ èyí tó fi irun ṣe dàda. “Ọmọ mi, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn kì í ya fọ́tò ni?”

“Ó ń yà á, sà, ṣùgbọ́n a fẹ́ ti àtijọ́.”

“Ẹ fẹ́ ti àtijọ́.” Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́. Ó wá pe owó. Wọ́n ní ó ti pọ̀ jù. Bàbá ní owó tí òun fi rà á láyé Gowon ni òun pè, òun ò fi kọ́bọ̀ lé e, kí wọ́n ṣáà rántí pé náírà ìgbà náà ju dọ́là lọ, kí wọ́n bá òun fi fóònù wọn ṣírò rẹ̀. Onídàda bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Nígbà tó ṣírò tán, ó gbé fóònù náà fún ẹnì kejì rẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Mi ò dá bàbá lẹ́bi. Àwọn àgbà wọ̀nyí ò fi ẹ̀rọ náà ṣeré. Ní 1978, Stephen Sprague, òyìnbó Amẹ́ríkà kan, kọ̀wé lórí àwọn ayàwòrán Yorùbá, títí kan àwọn ará Ìlá Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, wọ́n á ya èyí tó wà láàyè, wọ́n á wọ inú òkùnkùn lọ, wọ́n á tẹ négátífì kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, Táíwò àti Kẹ́hìndé á sì tún jókòó pọ̀. Ẹ̀nlájà tí ẹ fẹ́ fi tẹ fọ́tò bàtà yín nìyẹn. J.D. ’Okhai Ojeikere, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ fọ́tò irun dídì, inú dákírúùmù ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1954, ó ń ran ọ̀gá lọ́wọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń wá ti àtijọ́.

Ẹ̀yin ará Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má fi wá ṣẹ̀sín láti òkèèrè. A mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni tiyín. Opó kan ní Wales ní kí ẹ wá kó ẹrù ọkọ òun, kò ní gba pọ́n-ùn kan, kìkì pé ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ nǹkan kan kù. Ẹ mu tíì rẹ̀, ẹ jẹ bísíkíìtì rẹ̀, ẹ gbé ẹ̀nlájà kan. Ó ní ó ku mẹ́ta. Ẹ tún gbé abọ́, ẹ gbé ìgò kẹ́míkà tó ti dì mọ́ ìdérí láti ìgbà Thatcher, ẹ gbé gbogbo ìwé ẹgbẹ́ oníkámẹ́rà ìlú wọn. Owó epo ọkọ̀ lọ, owó ibi ìkẹ́rùsí bẹ̀rẹ̀. Ó ti di oṣooṣù báyìí.

Ó ku ọ̀rọ̀ yàrá. Balùwẹ̀ ni gbogbo yín ń sọ di dákírúùmù. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù dúdú bo fèrèsé, ẹ fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ gbé ẹ̀nlájà lé orí ìjókòó ilé ìgbẹ́, ẹ to abọ́ mẹ́ta sínú ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀. Ìwé tó bá fíìmù wá ní kí kẹ́míkà wà ní dígírì 20. Omi ẹ̀rọ Èkó ò mọ 20. Nǹkan bí 28 ni tirẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Nítorí náà ẹ fi pure water tó ti dì yí abọ́ ká láìjá ẹnu rẹ̀, ọgbọ́n tí mo fi ọwọ́ sí, kò sí ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà iná lọ. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀, ilẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀nlájà ń gbọ̀n, imú mẹ́ta ń jáde lójú ẹnì kan nínú fọ́tò. Ìyàwó ń kan ilẹ̀kùn pé ọmọ fẹ́ tọ̀. Ẹ ní kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn, pé pépà wà níta. Ọmọ ò dúró de pépà.

Iná pupa tí ẹ ń tàn nínú dákírúùmù ló fa wàhálà ilé ayálégbé kan ní Muṣin. Àwọn alájọgbé rí i lábẹ́ ilẹ̀kùn ní òru, pupa fòò, òórùn bí ọtí kíkan ń jáde, ẹnì kan ń kà nínú òkùnkùn: “Mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá.” Wọn ò sùn mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wòlíì ti dé pẹ̀lú agogo. Ọ̀gbẹ́ni onídákírúùmù ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ ń kán tóótóó, ó na fọ́tò kan sí wọn: ìyá onílé ni, ó ya á láìmọ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá náà gba fọ́tò, ó wò ó, ó yí i síwájú iná, ó ní wòlíì lè máa lọ. Ó tún bi ọ̀gbẹ́ni pé èló ni ti ńlá.

Àbúrò mi tó kígbe EL-Nikkor ńkọ́? Ó ti rí awo négátífì rẹ̀. Ẹnì kan ló gé irin ṣe é fún un ní ọjà Ládípọ̀. Ó ti ra gílóòbù méjì, ó ra sítábiláísà, ó ra táìmà, ó ra aṣọ ìdáná dúdú kan tí ó ní orúkọ rẹ̀ lára. Kò tíì tẹ fọ́tò kankan. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó pè mí pé òun fẹ́ ta gbogbo ẹrù náà, pé kí n bá òun wá ẹni tó mọyì nǹkan. Mo bi í pé kí ló dé, ṣé ó ti sú u ni. Ó ní rárá o. Ó ní òun rí Durst kan tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Àlàbá, wọ́n ń pè é ní ẹ̀rọ ìfọṣọ, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.